Ọjọ́ mẹ́fà pẹ̀lú kámẹ́rà tuntun: Ìlọrin, Èsìẹ́, Òwù, Ọ̀fà

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni ọkọ̀ gbéra ní Ìbàdàn, ₦6,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Gbogbo ẹrù yòókù wọ búùtù, ṣùgbọ́n báàgì kámẹ́rà kò kúrò lórí itan mi títí a fi dé Ìlọrin. Awakọ̀ ní kí n mú un wá kí òun bá mi gbé e síwájú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó wà lọ́dọ̀ mi." Ó wo ojú mi, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Kámẹ́rà náà kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́wọ́ mi. Nikon D3500 ni. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde, wọn kò sì ṣe é mọ́, nítorí náà tókunbọ̀ ni mo rà, ₦480,000 pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá. Ọdún méjì ni mo fi dá àjọ kí owó náà tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra tókunbọ̀, ẹ má wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò kan níṣojú yín, kí ẹ gbé fáìlì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wo iye ìgbà tí kámẹ́rà náà ti yàwòrán láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Iye náà wà nínú fáìlì. Tèmi kò tíì pé 4,300, ọmọdé ṣì ni.

Kí n sọ ìdí tí mo fi rà á. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, adúmáadán ni. Nígbà tó kú, ẹni tí a gbé iṣẹ́ pósítà ìsìnkú fún mú fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà, ó fi kọ̀ǹpútà fọ ojú màmá títí ó fi pupa bí ojú ẹni tó ń bóra. Gbogbo ìlà ojú rẹ̀ ló parẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró níwájú pósítà náà lójúlé, ó bi wá pé, "Ta lèyí?" Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá kámẹ́rà tí èmi fúnra mi yóò máa sọ fún pé báyìí ni kí ìmọ́lẹ̀ ṣe mọ, báyìí ni kí dúdú ṣe dú.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò rọrùn, kòtò pọ̀, eruku pọ̀. A kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ díẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ọmọkùnrin fọkanáísà kan wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó yọ túùbù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó rì í sínú agbada omi láti wá ibi tó ti ń jò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí hó níbì kan, oòrùn sì bọ́ sórí ibi tó ti ń hó náà. Mo yọ kámẹ́rà, mo gbé e sójú, kò ṣiṣẹ́. Lẹ́ńsì yìí máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ìjàpá. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè yí i jáde. Kí n tó rántí, ọmọ náà ti fa túùbù yọ. Ó rí bí mo ṣe dúró. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ yà á ni?" Ó tún rì í sómi, ó mú un dání níbẹ̀, ó ní kí n má kánjú.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo yà ní ìrìn àjò yìí nìyẹn. Ẹ máa yí lẹ́ńsì yín jáde kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹni tí kò bá tíì lo irú kámẹ́rà yìí rí, ìró rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Dígí kan dábùú nínú rẹ̀, òun ló ń gbé ohun tó wà níwájú lẹ́ńsì wá sí ihò tí a fi ojú sí. Kì í ṣe àwòrán orí sikirín ni èèyàn ń wò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gangan ni, bí ìgbà tí a bá yọjú lójú fèrèsé. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, dígí á fò sókè, ihò á ṣókùnkùn ní ìṣẹ́jú akàn, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí sensọ̀, ohun tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀, dígí á sì padà: kàràk! Ọmọ fọkanáísà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mú un."

A dé Ìlọrin ní aago kan kọjá, a gba Ẹyẹnkọrin wọlé. Nírọ̀lẹ́ mo ra wàrà díndín mẹ́fà ní ₦1,000 lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá títì, ó ṣì ń gbóná, ó bu ata lé e. Kò síná níbi tí mo sùn. Bátìrì kámẹ́rà kún, mi ò sì bẹ̀rù: àwọn tó ṣe é ní ó lè ya 1,550 fọ́tò lórí ẹ̀kún kan ṣoṣo. Kí n sọ ọ́ síbí kí n má bàa gbàgbé: mo ya nǹkan bí 740 ní ọjọ́ mẹ́fà yìí, mi ò sì cháàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tó ń rìn káàkiri lórílẹ̀-èdè wa, ìyẹn nìkan tó owó.

Ọjọ́ kejì, Jímọ́ọ̀

Òkèlele ni mo jí lọ, sí ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Dáda. Màmá ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi lọ, mo sì dúpẹ́ pé mi ò dá lọ. Kámẹ́rà ńlá kò dà bí fóònù. Bí èèyàn bá gbé fóònù sókè, kò sẹ́ni tó ń wò ó; bí èèyàn bá yọ eléyìí, gbogbo agbo á dákẹ́. "Ṣé oníròyìn ni yín?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì ṣí báàgì yín. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ ra nǹkan. Mo ra ìṣaasùn kan ní ₦2,500, a sì ti fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ kí ìyá tó jókòó tì mí tó sọ pé, "Yọ nǹkan rẹ jáde, jẹ́ ká rí i."

Ìyá náà yóò tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ìdí ìkòkò ògbólógbòó kan ló dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi eérú nù ún, ó sì tẹ́ amọ̀ lé e lórí bí ẹni tẹ́ aṣọ lórí ọmọ. Ó ń fi òkúta pẹlẹbẹ kan lù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i po, kò jókòó, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń bá wa sọ. Nígbà tó yá, ó ṣí i kúrò, ó gbé e nàró, ó wá ń fi amọ̀ gígùn gígùn kọ́ ọrùn rẹ̀. Ó yí ṣùkù àgbàdo lórí èjìká ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan péré, ọnà ti jáde. Ìka àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, amọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ti gbé ojú èékánná rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo wá kọ́. Àwọn ìkòkò tí wọ́n ti sun wà ní òkìtì lẹ́yìn ilé, dúdú kirikiri. Bí wọ́n bá yọ wọ́n nínú iná, ní gbígbóná bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí wọn lára, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n dú kí wọ́n sì máa dán. Mo ya òkìtì náà. Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: ìkòkò ti di aláwọ̀ eérú. Mo tún un yà, eérú náà ni. Mo wá rántí ohun tí mo kà. Mítà inú kámẹ́rà, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò mọ ìkòkò, kò mọ èèyàn. Ó gbà pé gbogbo nǹkan ayé wà láàárín dúdú àti funfun. Bó bá rí ohun tó dú, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ló kéré, yóò fi kún un. Bó bá rí ohun tó funfun, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, yóò dín in kù. Tìkòkò tìyá àgbà mi, ìyà kan náà ló fi jẹ wọ́n.

Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fi ń ya fọ́tò, wọ́n kọ + àti − sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yí táyà kékeré tó wà níbi àtàǹpàkò títí ó fi dé −1. Mo yà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìkòkò dú. Ó dú, ó sì ń dán, etí rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ bí ìlà fẹ́lẹ́ẹ́ kan. Mo wò ó pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ya ìyá. Ó wà lábẹ́ òrùlé páànù, oòrùn sì ń ràn yòò lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yìí, ẹ̀yìn tó mọ́lẹ̀ yẹn ló tan mítà jẹ, ojú ìyá di òkùnkùn biribiri. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yíjú díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kejì, kí oòrùn má wà lẹ́yìn wọn mọ́, mo sì mú mítà kúrò lórí gbogbo àwòrán, mo ní kó wo ibi kan ṣoṣo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Mo dín in kù díẹ̀ sí i. Ìlà ojú wọn jáde, ìlà iwájú orí wọn jáde, amọ̀ gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n wọn jáde. Àwọ̀ wọn sì ni àwọ̀ wọn. Fóònù mi wà lápò. Mo fi ya wọ́n náà kí n lè fi wé e, ó sì ṣe bí ó ti máa ń ṣe: ó tan iná sí gbogbo ibi, ó dán ojú wọn bí ojú ọmọ tuntun. Mo pa á rẹ́.

Ìyá wo ti ẹ̀yìn kámẹ́rà, wọn kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Wọ́n ní, "Àwọn oníkámẹ́rà máa ń wá síbí. Wọn kì í gbé fọ́tò padà wá." Mo ní, "Màmá, mo máa gbé e wá." Wọ́n ní, "Inshá Alláhù," wọ́n sì padà sídìí amọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo dúró lápá Ọjà Ọba, níbi tí èrò ti ń tú jáde láti mọ́ṣáláṣí ńlá. Aṣọ funfun gba gbogbo títì, agbádá, jàlàbíà, fìlà funfun. Bí ìkòkò ṣe di eérú láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ funfun ṣe di aṣọ tí a kò fọ̀ lọ́sàn-án. Mo yí bọ́tìnì sí +1, wọ́n sì funfun báláú. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àáfáà kan kí n tó ya ẹnikẹ́ni nítòsí, ó fọwọ́ sí i, ó tilẹ̀ pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n máa ń ki Ìlọrin pé ẹṣin leégún ilé, ọ̀kọ̀ lòrìṣà. Mo rí ẹṣin kan lọ́jọ́ náà, ẹṣin dúdú, ẹni tó gùn ún wọ funfun láti òkè délẹ̀. Mo dúró lójú kan, mi ò mọ èwo ni kí n fi kún, èwo ni kí n dín. Mo fi mítà sí ojú ẹlẹ́ṣin náà, mo gbàgbé ẹṣin, mo gbàgbé aṣọ. Òun ni fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù ní Ìlọrin.

Ọjọ́ kẹta, Àbámẹ́ta

Ìlọrin sí Òmù-Àrán, ₦3,000. A gba Ìdòfìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró kọjá. Ìyá mi kékeré, àbúrò màmá mi, ń gbé ní Òmù-Àrán. Wọ́n ti gúnyán kalẹ̀ kí n tó dé, wọn kò jẹ́ kí n tú báàgì kí n tó jẹun. Ọmọ wọn ọkùnrin fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ sí Èsìẹ́ lọ́sàn-án.

Ilé ère Èsìẹ́ ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ère ibẹ̀ ju 1,000 lọ, òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, òkúta tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè fá a. Inú igbó ni ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó kan tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, Ramshaw, tó ròyìn wọn fún ìjọba ní 1933. Ìtàn tí gbogbo ọmọ Èsìẹ́ mọ̀ ni pé àlejò ni wọ́n, èèyàn ẹlẹ́ran ara, tí wọ́n di òkúta. Ta ló gbẹ́ wọn, ibo ni wọ́n ti wá, àríyànjiyàn ló ṣì wà lórí rẹ̀.

Bàbá tó mú wa wọlé ní kí n má tan fláàṣì. Mo fi dá wọn lójú pé mi ò ní tàn án, mo sì pa á pátápátá, nítorí bí èèyàn bá fi kámẹ́rà yìí sí ipò tó ń dá pinnu fúnra rẹ̀, fláàṣì lè fò sókè láìròtẹ́lẹ̀ níbi tó bá ṣókùnkùn. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn nínú mùsíọ́ọ̀mù, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsìnkú.

Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ló wà. Mo gbé ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, lọ sí 3200. Ní ìsàlẹ̀ 800, fọ́tò kámẹ́rà yìí mọ́ kedere. Ní 3200, ó ń hu hóró wínníwínní bí iyanrìn, ṣùgbọ́n hóró náà kò ba òkúta jẹ́. Òkúta fúnra rẹ̀ ní hóró. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo fún ìgúnpá mọ́ ìhà, mo mí èémí jáde kí n tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ńsì náà ń bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n jà, mo rí fọ́tò tó dúró gbọin-gbọin ní ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó kúnlẹ̀, irun orí rẹ̀ ga sókè bí adé, ìlà mẹ́ta mẹ́ta wà lẹ́bàá ojú rẹ̀. Imú rẹ̀ ti ya. Mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí: mítà kò ṣìnà. Àwọ̀ òkúta náà wà láàárín dúdú àti funfun gẹ́lẹ́, òun gan-an ni ohun tí kámẹ́rà gbà pé gbogbo ayé jẹ́. Mi ò fi kún un, mi ò dín in. Fún òkúta, kámẹ́rà mọ̀ ọ́n yà. Èèyàn ni kò mọ̀.

Bàbá náà rí i pé mo kúnlẹ̀ pẹ́. Wọ́n rọra ní, "Kí i." Mo kí i.

Lálẹ́, a so kámẹ́rà mọ́ fóònù pẹ̀lú Bluetooth, kí ìyá mi kékeré lè rí fọ́tò lórí WhatsApp. Kò ní Wi-Fi. Àwòrán kékeré, mẹ́gápíkísẹ́lì 2, ló ń dá fi ránṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni. Ó tó fún fífi han ẹbí, kò tó fún títẹ̀ ńlá.

Ọjọ́ kẹrin, Àìkú

Mo ti pinnu láti ilé pé màá dé ìtàkìtì omi Òwù. Ìyá mi kékeré kọ̀. Wọ́n ní ọ̀nà apá ibẹ̀ kò dà bí ti tẹ́lẹ̀, pé àwọn ajínigbé ti da ìlú láàmú ní gúúsù Kwara. Òótọ́ ni. Ẹ má ṣe dá lọ, ẹ má sì gbára lé ohun tí ẹ kà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ gan-an. Àwa pe ẹnì kan tí ẹbí mọ̀ ní Ọ̀wá-Kájọlà, ó bá wa ṣètò ọdẹ méjì, a san ₦10,000 fún àwọn méjèèjì, a sì ti kúrò níbẹ̀ kí aago kan ọ̀sán tó lù. Ọ̀kadà la gùn, ibi tó burú jù lọ́nà sì wà níparí rẹ̀, òkúta àti ẹrẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni, òjò kò tíì lọ, omi pọ̀. Kí èèyàn tó rí i ni yóò ti gbọ́ ọ, ara yóò ti tutù. Omi náà ga ju 100 mítà lọ, ó ń ti orí àpáta já bọ́, ìrì rẹ̀ sì ń fò dé ibi tí a dúró. Mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ ju báyìí lọ.

Mo yà á lọ́nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo jẹ́ kí shutter, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, yára, ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá: gbogbo ẹ̀kán omi dúró lójú ọ̀run bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Lẹ́yìn náà, mo fà á sẹ́yìn sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ISO 100, ojú lẹ́ńsì dí dé f/22, mo gbé kámẹ́rà lé orí àpáta nítorí mi ò ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: omi di òwú. Àwọn ọdẹ fẹ́ràn èyí tó di òwú. Èmi fẹ́ ti àkọ́kọ́, torí ó rí bí etí mi ṣe gbọ́ ọ. Bí ẹ bá lọ, ẹ mú aṣọ mẹ́ta tó gbẹ, kí ẹ fi nù ojú lẹ́ńsì. Lẹ́yìn fọ́tò mẹ́rin mẹ́rin ni ìrì ń bò ó. Kámẹ́rà yìí kò ní ohun tó ń dí omi lára rẹ̀. Ọ̀rá búrẹ́dì ni mo fi wé tèmi, mo lu ihò fún lẹ́ńsì.

Nígbà tí a ń padà, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àpáta tí ewédò bò. Mo gbé kámẹ́rà sókè, orúnkún ló sì gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bọ́. A rọra dé ojú ọ̀nà oko, ìyá kan ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi lórí. Ó sọ igi kalẹ̀, kò bi wá léèrè ẹni tí a jẹ́. Ó já ewé akíntọ́lá lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì rún un títí omi rẹ̀ fi jáde, ó fún un sójú ọgbẹ́. Ó ta mí bí iná. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, fara dà á." Kí a tó ka ogójì, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Mo fún un lówó, ó kọ̀. Ó wo kámẹ́rà, ó ní, "Ya èmi àti igi mi." Mo yà á, ó dúró tààrà, igi lórí, ọwọ́ kan nílẹ̀. Oòrùn wà níwájú rẹ̀. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ti ń ṣe é láìròó mọ́.

Mo gba nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ kí n lè fi ránṣẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún, Ajé

Orúnkún wú. Mo kúrò ní Òmù-Àrán ní aago mẹ́sàn-án, mo sọ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, mo wọ ọkọ̀ míì lọ sí Ọ̀fà. Ànàmọ́ tí wọ́n fi ń ki wọ́n wà káàkiri ọjà lóòótọ́. Mo ra díndín rẹ̀ ₦500 pẹ̀lú ata, mo jókòó sítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, mo jẹ ẹ́. Ọmọdékùnrin méjì ń ja ìjàkadì nínú iyanrìn. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Kámẹ́rà yìí lè ya fọ́tò 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan títí ọ̀kan fi dá èkejì. Nínú méjìlá, ọ̀kan péré ló dára: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sí nílẹ̀.

Ní Ìlọrin nírọ̀lẹ́, mo gbé káàdì lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò. ₦1,500 ni èyí tó tóbi. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gbé ojú ìyá amọ̀kòkò jáde, kí n tó ṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbi tí wọ́n ti ń tan ojú. Mo ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án." Ó ní àwọn oníbàárà máa ń bínú bí òun kò bá tàn án. Mo ní, "Èmi ò ní bínú. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Bébà jáde nínú ẹ̀rọ, ó gbóná díẹ̀ lọ́wọ́. Ó dú ju ti ojú kámẹ́rà lọ ní ìwọ̀n díẹ̀, mo ní kó gbé ìmọ́lẹ̀ gbogbo rẹ̀ sókè ní ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ojú nìkan. Èkejì jáde. Ó tẹ fọ́tò ọwọ́ ìyá náà tẹ̀ lé e, mo sì fún un ní owó gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà, Ìṣẹ́gun

Mo dé Òkèlele ní aago mẹ́jọ. Èéfín ìkòkò sísun ti bo gbogbo àdúgbò, wọ́n ti kó iná jọ láti ìdájí. Ìyá wà nídìí amọ̀. Wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n fọ ọwọ́ nínú agbada, wọ́n nù ún sí ìró kí wọ́n tó gba àpò ìwé lọ́wọ́ mi.

Fọ́tò méjì ni mo gbé wá: ojú wọn, àti ọwọ́ wọn lórí ìkòkò tútù. Wọ́n wo ojú wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi nìyí," wọ́n gbé e fún ìyá tó wà lápá òsì wọn. Èkejì ni wọ́n gbé sún mọ́ ojú. Wọ́n yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n fi ìka tó tẹ̀ yẹn tọ etí ìkòkò inú fọ́tò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wọ́n ní, "Ètè rẹ̀ nípọn lápá ibí. O rí i? Mi ò rí i lọ́jọ́ náà."

Wọ́n pe ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi ibẹ̀ hàn án.